Ẹ̀wà Tó Yẹ Kó Kú

Bí ẹ bá bi àwọn olùkọ́ tí a jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n á sọ fún yín pé ojú mi le, ẹnu mi sì mú bí abẹ. Wọn ò purọ́ mọ́ mi. Èmi ni mo máa ń bi ọmọ tó bá pẹ́ dé pé ṣé ó ti gbé oorun níyàwó ni. Òbí tó bá gbé ìjà wá sí iléèwé, á bá mi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan wà tí mo sunkún nítorí rẹ̀ níwájú gbogbo kíláàsì, ojú ò sì tì mí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Kò sẹ́ni tó ń dárúkọ rẹ̀ mọ́ ní abúlé yẹn, wọ́n ń ṣe bí ẹni pé wọn ò bí i síbẹ̀.

Abúlé náà wà lẹ́yìn Ayétòrò, lọ́nà Ìmẹ̀kọ. Ọmọ Ìlarò ni mí, ìjọba ló gbé mi lọ síbẹ̀, mo wá gba yàrá kan sí Ayétòrò kí ọ̀nà má bàa jìn jù. Ọ̀kadà ló ń gbé mi lọ láràárọ̀. Tó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, eruku pupa á ti kùn mí lójú kí n tó dé. Tó bá jẹ́ ìgbà òjò, ẹrẹ̀ ni. Àgbẹ̀ ni gbogbo ará ibẹ̀, àgbàdo, gbágùúdá, ẹ̀pà àti ẹ̀gúsí ni wọ́n ń gbìn. Èèyàn dáadáa ni wọ́n. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ, torí inú ń bí mi sí wọn títí dòní, ìbínú sì máa ń jẹ́ kéèyàn purọ́ mọ́ ọmọnìkejì rẹ̀.

Pírámárì Fáìfù ni mò ń kọ́. Gbogbo iṣẹ́ ni mo ń kọ́ wọn, ṣùgbọ́n sáyẹ́ǹsì ló wà lọ́kàn mi jù. Iléèwé wa ò ní ohun tí wọ́n ń pè ní irinṣẹ́ sáyẹ́ǹsì, àwòrán irinṣẹ́ la ní, nínú ìwé. Ọdún tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo ní kí ọmọ kan sọ bí omi ṣe ń hó fún mi. Ó dìde, ó ka odidi ìpínrọ̀ kan jáde lórí ahọ́n láìmí. Mo wá bi í pé kí ló máa ń rí nínú ìkòkò ìyá rẹ̀ tí omi bá ń hó. Ó wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ mú un. Ọmọ tó ń dáná láràárọ̀ o! Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé n ò ní kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n á kàn há sórí mọ́.

Bí mo ṣe wá ń ṣe é nìyí. A ó mú nǹkan kan wá sí kíláàsì, a ó wò ó. Ká tó fọwọ́ kàn án, kálukú á sọ ohun tó rò pé ó máa ṣẹlẹ̀. A ó wá ṣe é. Lẹ́yìn náà, kálukú á sọ ohun tó rí, kì í ṣe ohun tó fẹ́ rí. Apá ìkẹyìn yẹn ló le jù. Ọmọ tó bá ti ní igi á rì, tí igi wá léfòó, á fẹ́ fi ìka rẹ̀ ti igi wọ inú omi. Mo máa ń sọ fún wọn pé kò sí ẹ̀sín nínú kéèyàn sọ̀rọ̀ kó má rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀sín wà nínú kéèyàn rí i kó ní òun ò rí i. Wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bí mo bá wọlé láìmú nǹkan kan dání, wọ́n á máa kùn.

Ọmọbìnrin tí mò ń wí yìí kì í nawọ́ kó tó sọ̀rọ̀, ńṣe ló máa ń dìde dúró. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó dúdú, aṣọ iléèwé rẹ̀ ti kúrú mọ́ ọn lára. Bàbá rẹ̀ ti kú kó tó mọ̀ ọ́n rìn, ìyá rẹ̀ ti lọ́kọ mìíràn, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó wà. Ìyá bàbá rẹ̀ ló tọ́ ọ. Kò mọ ẹlòmíì ní ìyá. Ìbéèrè kan ló máa ń bi mí: báwo lẹ ṣe mọ̀, Àǹtí? Mo lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo ṣe ìdánwò títí, kò sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè yẹn rí. Ṣùgbọ́n mo mọ irú ilé tí wọ́n ti ń bọ̀. Ọmọ tó bá bi àgbàlagbà níbẹ̀ pé báwo lẹ ṣe mọ̀, ìgbátí ni wọ́n á fi dá a lóhùn. Mo wá ní kó máa sọ pé, báwo la ṣe mọ̀. Ó gbà. Ó fi "báwo la ṣe mọ̀" pa mí létí títí mo fi ń gbọ́ ọ lójú oorun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti kẹ́ẹ̀gì. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ kì í fi ọkọ́ nìkan ro oko mọ́, oògùn ni wọ́n ń fín sí koríko. Ọ̀pọ̀ oògùn náà, láti òdìkejì ẹnubodè ló ti ń wọlé. Èdè Faransé ni wọ́n kọ sára rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè kà á. Ọlọ́kadà á gbé e wá, àgbẹ̀ á bi í pé ìdérí mélòó ni kí òun dà sómi, ọ̀rọ̀ parí. Tí oògùn bá wá tán, kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ kì í ṣe nǹkan jíjù nù. Ó nípọn, ìdérí rẹ̀ ń dé pinpin, kì í jò. Wọ́n á da eérú àti òkúta wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n á mì í jìgìjìgì, wọ́n á ṣan án, wọ́n á gbé e sáàárín oòrùn títí kò fi ní rùn mọ́. Lẹ́yìn náà, omi mímu ni wọ́n ń pọn sí i lọ sóko. Lójú tiwọn, ohun tí kò bá ti rùn mọ́, ó ti mọ́ nìyẹn.

Èmi náà ń rí kẹ́ẹ̀gì wọ̀nyí lórí wọn láràárọ̀, mi ò rò ó wò. Ó di ọjọ́ tí mo ní kí àwọn ọmọ mú ike omi láti ilé wá, mo fẹ́ fi hàn wọ́n pé ìrísí ohun tí omi bá wà nínú rẹ̀ ni omi ń gbé wọ̀. Ọmọbìnrin náà gbé kẹ́ẹ̀gì kan wá tí àwòrán orí òkú ṣì hàn ketekete lára rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló tọ́ka sí i. Ó bi mí pé kí nìdí tí wọ́n fi ya orí òkú sára ohun tí Màmá òun fi ń mumi. Mo sọ ohun tí mo mọ̀ fún wọn: májèlé ni wọ́n fi àwòrán yẹn ń kìlọ̀ fún èèyàn, eérú àti òkúta lè lé òórùn lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nínú nǹkan ni imú lè gbọ́. Mo ní kí wọ́n sọ ọ́ fún àwọn ará ilé wọn. Lẹ́yìn náà, mo bá iṣẹ́ mi lọ.

Mo mọ ìyá àgbà náà dáadáa. Ẹ̀gbẹ́ iléèwé ló máa ń gbà lọ sóko, á sì dúró lójú fèrèsé mi, á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní látìgbà tí èmi tíṣà ti dé, òun ò lè se ọbẹ̀ ní ìrọ̀rùn, ọmọ òun á máa béèrè ìdí tí epo fi ń léfòó. Ó ní bóyá kí n máa bọ̀ wá dáná fún òun, kí n lè máa dá a lóhùn. Ó ń bú mi ni, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń dùn, èèyàn á rí i lójú rẹ̀. Àgbàdo tútù tí mo jẹ lọ́dún yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wá. Ó ní òun ò mọ̀wé, àmọ́ òun mọ ọmọ tí orí rẹ̀ pé, ti òun sì pé.

Nígbà tí ọmọ délé tó sọ ti kẹ́ẹ̀gì, ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí. Ó ní òun ti ń mumi nínú kẹ́ẹ̀gì kí wọ́n tó bí i. Ìkòkò ń fọ́ mọ́ òun lọ́wọ́ lóko, ike lásán ń jò, kẹ́ẹ̀gì yìí nìkan ni kò tíì dójú ti òun rí. Ọmọ ò dẹ̀yìn. Láràárọ̀ ló ń sọ ọ́. Ó tiẹ̀ gbé e pamọ́ lọ́jọ́ kan, òùngbẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyá àgbà lóko, ó sì jẹ pàṣán nígbà tí ìyẹn dé. Kò sinmi. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ò ju ọ̀kan lọ: tí ohunkóhun bá ṣe Màmá, kò ní ẹlòmíì. Ó sọ ọ́ fún mi bẹ́ẹ̀, kò fi bò. Níkẹyìn, ó sọ ọ́ ní ojúde ilé wọn, níbi tí àwọn obìnrin ti ń bó gbágùúdá tí wọ́n fẹ́ fi ṣe láfún. Ó kúnlẹ̀ níwájú gbogbo wọn, ó ní:

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, omi yìí máa pa yín."

Àwọn tó wà níbẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Ìyàwó àkọ́bí ìyá àgbà yí ọwọ́ ká orí, ó ta ìka rẹ̀ dànù, ó ní kí Ọlọ́run má gbọ́. Lọ́dọ̀ wa, a kì í fi ẹnu pe ikú sí àgbà lórí. Ẹni tó bá sọ pé nǹkan á ṣẹlẹ̀, bó bá ṣẹlẹ̀, òun náà lọ́wọ́ sí i. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi, torí inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ èmi náà. Bí mo bá sọ pé òjò á ba aṣọ tí ìyá mi sá jẹ́, á ní kí n pa ẹnu mi mọ́.

Ìyá àgbà nìkan ni kò bínú. Ó ní kí wọ́n fi ọmọ òun sílẹ̀, pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ó fà á mọ́ra. Ó ní ṣebí iléèwé ló ti kọ́ ọ, kó lọ mú ẹ̀rí wá. Bí ẹ̀rí bá fi hàn pé omi náà burú, òun á gbé kẹ́ẹ̀gì jù sínú kòtò. Bí kò bá fi hàn bẹ́ẹ̀, ọmọ ò gbọdọ̀ yọ òun lẹ́nu mọ́. Ọmọ gbà. Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì nìyẹn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀.

Òun ló ronú kan ẹ̀wà. Oògùn koríko ni, àbí? Ohun tó ń pa koríko á pa ẹ̀wà. Inú mi dùn débi pé mo pàtẹ́wọ́. Gbogbo kíláàsì la jọ ṣe é. A wá agolo mílíìkì, a bu iyẹ̀pẹ̀ láti ojú kan náà, a gbin ẹ̀wà láti inú àpò kan náà, a tò wọ́n sójú fèrèsé kan náà. Omi nìkan ló yàtọ̀. Apá kan ń mu omi kànga láti inú garawa iléèwé, apá kejì ń mu omi kànga kan náà tó ti sun inú kẹ́ẹ̀gì. Ọmọ kan fẹ́ gbé ti kẹ́ẹ̀gì sí abẹ́ òjìji, ọmọbìnrin náà ní ó tì o, tí nǹkan méjì bá yàtọ̀, a ò ní mọ èyí tó ṣe é nínú méjèèjì. Mi ò tíì kọ́ ọ nìyẹn. Òun ló rò ó fúnra rẹ̀. Mo kọjú sí pátákó kí wọ́n má bàa rí ẹ̀rín tó gba ojú mi.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, kálukú sọ ohun tó rò. Gbogbo wọn ló ní ẹ̀wà kẹ́ẹ̀gì á kú. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀.

Kò kú. Ó hù, ó yọ ewé, ó rọ̀ mọ́ igi tí a kì bọ iyẹ̀pẹ̀ inú agolo fún un. Tí a bá tiẹ̀ fẹ́ sọ òótọ́, ti kẹ́ẹ̀gì ga ju ti garawa lọ díẹ̀. Láràárọ̀ ni ọmọbìnrin náà ń lọ wò ó, ó ń fẹ́ kó rọ, ó sì ń bomi rin ín dáadáa bí àwọn tó kù. Gbogbo kíláàsì ló mọ ohun tó so mọ́ ọn. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbà á nímọ̀ràn pé kó da omi iyọ̀ sí i ní kọ̀rọ̀. Ó wò ó bí ẹni pé ó bú Màmá rẹ̀.

Lọ́jọ́ tó yẹ kó lọ jábọ̀ nílé, kò jáde ní àkókò ìsinmi. Ó jókòó ti agolo, omijé ń dà lójú rẹ̀. Mo jókòó tì í. Mo sọ fún un pé ẹ̀wà tí kò kú kò sọ pé omi náà dára. Ó lè jẹ́ iyẹ̀pẹ̀ ló gba májèlé mọ́ra kó tó dé gbòǹgbò. Ìgbà díẹ̀ ni ẹ̀wà fi mu ún, Màmá ti ń mu ún bọ̀ tipẹ́. Ẹ̀wà kì í sì í ṣe èèyàn. Ó ń mi orí, ó ń gbọ́. Àwa méjèèjì mọ̀ pé kò sí ìkankan nínú rẹ̀ tó máa wọ ìyá àgbà létí. Ó wá bi mí bóyá òun lè kàn sọ fún wọn nílé pé ó kú. Mo ní ohun tó bá rí ni kó sọ.

Ó lọ sọ ọ́. Ó gbé agolo kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn síwájú ìyá àgbà, ó ní Màmá, kò kú o. Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi lójú fèrèsé lọ́jọ́ kejì. Ó rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ṣé mo rí i, ọmọ òun kì í purọ́, ì bá ti pa irọ́ kékeré kan kó gba kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ òun. Ó ní òun á jẹ ẹ̀wà náà tó bá so. Kẹ́ẹ̀gì wà lórí rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Àdéhùn ni àdéhùn, ọmọ náà ò tún sọ̀rọ̀ omi mọ́ nínú ilé yẹn.

Kí ẹ̀wà tó so ni àìsàn dé. Ẹsẹ̀ ìyá àgbà ló kọ́kọ́ wú. Nígbà tó yá, ohun tó bá jẹ ló ń bì. Wọ́n fún un ní àgbo, wọ́n ra oògùn fún un ní kẹ́místì, kò gbọ́. Nígbà tí ojú rẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú ni wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní Ìlarò, mo sì tẹ̀ lé wọn torí pé ìlú mi ni. Dókítà ní kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀. Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo bi í nípa kẹ́ẹ̀gì. Ọ̀dọ́mọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni. Ó ní ó lè jẹ́ kẹ́ẹ̀gì, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru tí ìyá náà ò mọ̀ pé òun ní, ó lè jẹ́ nǹkan tó wà nínú àgbo, ẹni tó bá ní òun mọ̀ dájú ń tan ara rẹ̀ ni. Mo sọ ọ́ fún ọmọ náà bó ṣe sọ ọ́. Mi ò lè sọ nǹkan mìíràn fún ọmọ yẹn, ojú tó fi ń wo èèyàn ò gba irọ́.

Wọ́n gbé ìyá àgbà padà sílé. Mo lọ kí i, mo bá ọmọ náà níbi tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀, tó fi ife bu omi láti inú amù. Ìyá àgbà ní kí n jókòó. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an. Ó ní omi tó bá wu ọmọ òun ló ń fún òun mu báyìí, òun ti gbọ́ sí i lẹ́nu. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ ò jẹ́. Ọmọ náà gbé orí rẹ̀ sókè, ó fún un lómi díẹ̀díẹ̀, ó ń nu ẹnu rẹ̀. Mo dìde, mo lọ dúró níta. Mi ò lè wò ó.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo wà ní kíláàsì ló kú. A gbọ́ igbe láti ìsàlẹ̀ abúlé. Ọmọ náà dìde kí ẹnikẹ́ni tó wá pè é, ó kó ìwé rẹ̀ sínú àpò, ó wò mí. Mo ní kó máa lọ. Mùsùlùmí ni wọ́n, wọ́n sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú. Àrùn là ń wò, a kì í wo ikú, ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ fún un nìyẹn lọ́jọ́ náà, wọ́n ń fọwọ́ pa á lórí.

Kò pẹ́ tí ọwọ́ náà fi kúrò lórí rẹ̀. Ìyàwó àkọ́bí ló kọ́kọ́ rán wọn létí ohun tí ọmọ sọ lójúde. Ó kúnlẹ̀ ní gbangba, ó ní omi máa pa Màmá, Màmá sì kú. Ta ló tún fẹ́ gbọ́ ju ìyẹn lọ? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ẹnu ọmọ náà korò. Àwọn ọmọ tó ń bá a rìn wá sí iléèwé ń gba ọ̀nà mìíràn. Ẹni tó bá a jókòó lórí àga kan náà ní kí n wá ibòmíì fún òun, mo na ẹni yẹn, mo ní ibẹ̀ ló máa jókòó sí. Ó jókòó, ṣùgbọ́n ó fara mọ́ etí àga. Ọmọbìnrin náà rí gbogbo rẹ̀. Kò tún bi mí ní ìbéèrè kankan.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ, mo gbọ́ pé ẹbí fẹ́ jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọn ò pè mí. Mo lọ. Lẹ́yìn tí Ààfáà ti lọ, àwọn àgbà kù lójúde, ọmọ náà wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín wọn. Àkọ́bí ìyá àgbà ló ń sọ̀rọ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú, èmi ni mo gbá a mú ní ọsibítù nígbà tó ń sunkún bí ọmọdé. Ó ní àwọn ò ní in sínú, ọmọ àbúrò òun ni, ṣùgbọ́n irú ẹnu bẹ́ẹ̀ ò lè máa gbé láàárín àwọn ọmọ tó kù. Ìyàwó òun ní mọ̀lẹ́bí kan ní Kétu, ní òdìkejì ẹnubodè, tó ń wá ọmọ tó máa ràn án lọ́wọ́ nínú ilé. Ibẹ̀ ló ń lọ.

Mo dìde. Mo tọrọ àforíjì, mo sọ gbogbo rẹ̀: oògùn tí wọn ò lè ka ara rẹ̀, orí òkú, ìdí tí ọmọ fi sọ ohun tó sọ. Mo ní ìfẹ́ ló sọ ọ́. Mo ní ẹni tó bá rí ejò lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀ tó pariwo, ṣé òun ló fi ejò síbẹ̀? Ọkùnrin náà gbọ́ mi dópin. Lẹ́yìn náà, ó bi mí ní ìbéèrè kan, gbogbo ojúde sì ń wò mí.

"Tíṣà, ẹ̀yin lẹ kàwé. Ṣé kẹ́ẹ̀gì ló pa ìyá mi? Tó bá jẹ́ òun ni, ọmọ ò jẹ̀bi, n ó sì kó gbogbo kẹ́ẹ̀gì ilé yìí dáná sun lónìí."

Mo wo ọmọ náà. Mo wo àwọn èèyàn yẹn. Mo ní:

"Kẹ́ẹ̀gì ni."

Mo purọ́. Bí wọ́n bá tún bi mí lọ́la, n ó tún un pa. Mo rí ojú ọkùnrin náà tó rọ̀, mo gbọ́ tí obìnrin kan mí kanlẹ̀. Ọkùnrin náà ti fẹ́ dìde, mo rò pé ó fẹ́ gbé ọmọ náà nílẹ̀.

"Àǹtí, a ò mọ̀."

Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́, kò gbójú sókè, ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní ẹ̀wà ò kú. Ó ní dókítà ní ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Ó ní òun náà fẹ́ kó jẹ́ kẹ́ẹ̀gì, òun fẹ́ ẹ ju gbogbo èèyàn lọ, ṣùgbọ́n a ò mọ̀. Ọmọ yẹn mọ ohun tó ń sọ, ó mọ ibi tí wọ́n máa rán an lọ. Ó kàn rí i pé mo ń sọ ohun tí mi ò rí ni.

Ọkùnrin náà jókòó padà. Ó ní kí gbogbo èèyàn gbọ́ o, ọmọ fúnra rẹ̀ ló fẹnu ara rẹ̀ sọ pé kì í ṣe kẹ́ẹ̀gì. Bàbá àgbàlagbà kan ní ẹnu òrofó ní í pa òrofó. Mo pariwo pé kò sọ bẹ́ẹ̀, ó ní a ò mọ̀ ni, a ò mọ̀ kì í ṣe pé kì í ṣe òun. Mo sọ ọ́, mo tún un sọ, mo fi ọwọ́ ṣàlàyé, mo bú wọn. Wọ́n ní kí Tíṣà ṣe sùúrù, wọ́n bu omi fún mi. Ohun tí ọmọ Pírámárì Fáìfù ti mọ̀, mi ò rí i kọ́ àwọn àgbà ní ọ̀sán kan.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ọ̀kadà gbé e kọjá níwájú iléèwé. Ó jókòó sẹ́yìn ọlọ́kadà, àpò kan wà lórí itan rẹ̀. Ọlọ́kadà ò dúró. Ọmọ náà yíjú sí wa, kò juwọ́, bóyá torí pé ọwọ́ méjèèjì ló fi di àpò mú. Níbẹ̀ ni mo ti sunkún. Àwọn ọmọ ń wò mí, mo ní kí wọ́n máa kọ ohun tó wà lójú pátákó, kò sì sí nǹkan kan lójú pátákó.

Nígbà tí a gba ìsinmi ìparí táàmù, mo lọ wá a ní Kétu. Mo rí ilé tí wọ́n júwe. Obìnrin tó wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀ sí mi dáadáa, ó fún mi ní àga. Ó ní ọmọ náà ti bá ẹlòmíì lọ sí Kútọnu. Mo bi í bóyá ó ń lọ sí iléèwé níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ wọn níbẹ̀, níbo ló ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Kẹ́ẹ̀gì ṣì ń kọjá lójú fèrèsé mi láràárọ̀. Nígbà tí a wọlé fún táàmù tuntun, mo gbé ife omi méjì ka tábìlì, mo po iyọ̀ púpọ̀ mọ́ ọ̀kan, mo mú ẹyin dání. Mo ní kí wọ́n sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí mo bá fi ẹyin sínú omi iyọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Mo dárúkọ àwọn tí ẹnu wọn kì í dákẹ́, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Mo rò pé bóyá ojú mi ló le jù, mo wá rọ̀ wọ́n, mo ní ẹni tó bá ṣì í, kò sí nǹkan kan. Níkẹyìn, ọmọ tí mo nà lọ́jọ́sí nítorí àga dìde, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú.

"Àǹtí, wọ́n ní a ò gbọdọ̀ sọ ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀."

Mo bi í pé ta ló ní bẹ́ẹ̀. Ó ní gbogbo wọn nílé. Mo wo kíláàsì, wọ́n ń mi orí. Mo fi ẹyin sínú omi. Ó léfòó. Gbogbo wọn ló rí i, kò sì sẹ́ni tó la ẹnu.